Orúkọ àwọn oníbàárà ìyá mi kì í jáde nínú áàpù àjọ tí mò ń kọ

Bàbá Ìbejì (Òṣogbo):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíkọ sọ́fítíwíà ni mo fi ń jẹun, àmọ́ tilé ni mo gbé wá bá yín. Ìyá mi ń gba àjọ ní Ọjà Ọba. Wọ́n ń gbà á ní ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́; tóṣù bá parí, wọ́n á kó owó fún olówó, wọ́n á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn. Ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni mo ṣe ń kọ áàpù tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Inú fóònù wọn ni SQLite, ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, wà, kò nílò dátà.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi tẹ orúkọ àtijọ́, àbúrò mi ń fi fóònù tẹ tuntun. Tá a bá wá "Ìyá Ẹlẹ́ja" lórí fóònù, èyí tí mo tẹ̀ kì í jáde, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni wọ́n rí. Kí ló fà á?

Ìkejì: ìgbà táwọn ìbejì bá sùn nìkan ni mò ń ráyè, ìgbà yẹn náà sì ni ìyàwó mi ń fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ó tọ́ sí i. Báwo lẹ̀yin onídìílé ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìlú Aró:
Ẹ̀gbọ́n, Unicode ni, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀. Lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, àmọ́ "ẹ́" kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ "ẹ", á fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á tẹ "é", á fi àmì sí i nísàlẹ̀. Wọ́n jọra lójú, àmọ́ nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ẹ sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìtẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó fi pamọ́.

Fún ìwákiri, ẹ ṣe òpó kejì nínú àkọsílẹ̀: ẹ sọ orúkọ di NFD, ìlànà tó ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, ẹ yọ àwọn àmì, ẹ sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré. LIKE, àṣẹ ìwákiri inú SQLite, ò mọ̀ pé "Ẹ" àti "ẹ" jọra. Lẹ́tà A sí Z tí kò ní àmì nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan ohun tí màmá máa rí lójú fóònù, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tó ní àmì pé ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n.

Ìyá Àdùkẹ́:
Bàbá Ìbejì, èmi náà ń kọ kóòdù, ọmọ sì wà nílé. Alẹ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni tèmi, ọkọ mi á mójú tó àwọn ọmọ. Láwọn alẹ́ yòókù mi ò ní ṣí kọ̀ǹpútà rárá, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, torí ó máa ń di ọ̀gànjọ́. Ẹ bá ìyàwó yín jókòó, kó fúnra rẹ̀ mú alẹ́ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ sì tẹ̀lé màmá lọ sọ́jà kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kún un. Ẹni tó bá san ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ńkọ́? Fóònù tó bá bọ́ sómi ńkọ́? Owó olówó ni o! Ẹ máa da fáìlì SQLite yẹn kọ síbòmíràn lálaalẹ́.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni. NFC ti ṣe é. Àṣé Ìyá Ẹlẹ́ja méjì ló wà, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alápatà. Mo ti fi ibi tí ìsọ̀ kálukú wà kún un. Sísan ọjọ́ mẹ́ta ló kàn. Ìyàwó mi mú Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì fún mi, ó ní ká má tíì pa ìwé màmá tì títí ìṣirò méjèèjì á fi bára mu fún odindi oṣù. Mo gbà.