Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé tí mo fẹ́ kọ́ sórí òkè Obudu, mi ò fẹ́ ba koríko ibẹ̀ jẹ́

Bíríkìlà Mushin
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Bíríkìlà ni mí, Mushin ni mò ń gbé. Ọ̀gá kan n'Íkẹjà ra ilẹ̀ sórí òkè Obudu ní Cross River, ó ní kí n wá bá òun kọ́ yàrá àlejò mẹ́fà síbẹ̀. Mo lọ wo ilẹ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkè yẹn ga tó bíi 1,600 mítà, òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, koríko ló bo orí òkè lọ súà, igbó sì wà ní kòtò níbi tí omi ti ń ṣàn. Kọ́ńtírátọ̀ ní ká gbé katapílà wá ká gé orí òkè náà kó tẹ́jú, bá a ṣe máa ń ṣe l'Ékòó. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ẹnjiníà Ṣómólú
Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí katapílà yẹn gòkè o! Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní Austria lórí àwọn òkè Alps. Níbi tó bá ti ga kọjá 2,000 mítà níbẹ̀, yìnyín ń bo ilẹ̀ débi pé oṣù díẹ̀ péré ni koríko ń rí hù lọ́dún, tẹ́ ẹ bá hú u lónìí ọmọ yín lè dàgbà kó tó bọ̀ sípò. Obudu ò ní yìnyín lóòótọ́, àmọ́ òjò ibẹ̀ le, ilẹ̀ sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ báyìí òjò á gbá iyẹ̀pẹ̀ dúdú yẹn lọ sísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yẹn ò sì ṣeé rà lọ́jà.

Ohun tá a máa ń ṣe ni pé ká tó gbẹ́ ilẹ̀, a ó fi ṣọ́bìrì gé koríko tòun ti gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀, ní ègé-ègé, a ó tò ó síbi ibòji, a ó máa wọ́n omi sí i, tíṣẹ́ bá parí a ó tò ó padà. Ẹ má tò ó léra o, á jẹrà. Ibi tí kò bá kárí, irúgbìn koríko òkè yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fọ́n sí i, èyí tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá débẹ̀.

Ìyá Ìbejì Yábàá
Ṣé dandan ni ká da kọ́ńkéré bo ilẹ̀ ni? Àwọn èèyàn wa ní Makoko, orí òpó ni ilé wọn wà. Ẹ lọ wo Lekki Conservation Centre, orí pákó tí wọ́n gbé sókè la ń gbà rìn lórí àbàtà, ewéko ń hù nísàlẹ̀. Ní Australia náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè Kosciuszko, 2,228 mítà, irin oníhò ni wọ́n gbé sókè, oòrùn àtòjò ń gba ihò ẹ̀ kọjá, koríko ń hù lábẹ́ ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora ni o. Nígbà tá a kọ́lé l'Ájáh, yanrìn la dà lé igi ẹ̀gbà (mangrove) tó wà níbẹ̀ lórí, a ò tiẹ̀ ronú, òjò tó bá rọ̀ báyìí inú pálọ̀ mi ló ń wọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Ẹ fọ táyà tipa àti bàtà àwọn lébírà kí wọ́n tó gòkè o. Ewé Akíntọ́lá tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, Amẹ́ríkà ló ti wá, èso ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì ń bá yanrìn rìn. Tó bá débẹ̀ ẹ ò ní rí i pa.

Bíríkìlà Mushin
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Mo pe ọ̀gá lálẹ́ àná, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gba ti òpó, wọ́n ní yàrá mẹ́rin ló máa jẹ́ báyìí, ká má fọwọ́ kan igbó ẹ̀gbẹ́ omi. Ẹnjiníà, koríko tá a gé yẹn, ọjọ́ mélòó ló lè lò nílẹ̀?

Ẹnjiníà Ṣómólú
Kó má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Koríko ibi tí òpó kan máa dúró sí ni kẹ́ ẹ gé, ẹ ri òpó náà mọ́lẹ̀, ẹ to koríko ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíì.