Nínú gbogbo Rocky, èwo lẹ rò pé ó dáa jù?

Ọmọ Òkè-Odò:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan kó má di ìjà. Láti ọjọ́ Àlàmísì la ti ń fa ọ̀rọ̀ Rocky, fíìmù ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí Sylvester Stallone ṣe áktọ̀ ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù bábà wa ní Tańkẹ̀, ẹni tó wá gẹrun ò gẹrun mọ́, ẹni tó ń gẹrun fún wa gan-an ti pa klípà. Mẹ́fà ló ń jẹ́ Rocky, láti 1976 títí dé 2006, Creed mẹ́ta, ti ọmọ Apollo Creed, wá tẹ̀lé e, ó di mẹ́sàn-án. Èmi ò fi bò o, ìkẹrin ni tèmi, ti 1985 tí Rocky lọ bá Ivan Drago jà ní Rọ́ṣíà. Ẹ wo bí bọ́ọ̀sì ṣe ga bí òpó iná, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ń ka bí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ṣe wúwo tó, Rocky ní tiẹ̀ ń la igi nínú yìnyín, ó ń ru ìtì igi kiri. Apollo Creed, tó ti bá Rocky jà kó tó di ọ̀rẹ́ ẹ̀, ti kú sínú ríìngì lọ́wọ́ Drago, Drago wò ó báyìí ó ní tó bá kú, ó kú náà nìyẹn! Ta ni inú ò ní bí?

Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní Creed lòun mọ̀, pé tàwa ti di fíìmù àwọn àgbà. Àwọn bọ̀ọ̀dá kan sì wà tí wọ́n ní ẹni tó bá mú ìkẹrin ò mọ fíìmù. A fẹ́ wo ẹyọ kan lálẹ́ Sátidé, bí wọn ò bá mú iná lọ. Èwo ká gbé sí i?

Bàbá Fídíò Ọ̀fà:
Àbúrò, ìkíní ni, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ẹ́. Mo yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì rí l'Ọ́fà níbí, ìkẹrin ni wọ́n máa ń bèèrè, mo mọ̀, títí tí téèpù ẹ̀ fi fẹ́ jẹ tán. Ìyẹn ò sọ ọ́ di èyí tó dáa jù.

Nígbà tá a wà ní kékeré, ohun tí gbogbo wa gbà ni pé áktọ̀ kì í kú, áktọ̀ kì í sì í fìdí rẹmi, bó ti wù kí bọ́ọ̀sì nà án tó. Ẹ wá wo ìkíní, áktọ̀ fìdí rẹmi! Adájọ́ méjì fún Apollo, ẹyọ kan fún Rocky, bẹ́ẹ̀ ló parí. Inú ò sì bí ẹ tó o bá wò ó tán, torí Rocky gan-an ò fetí sí ohun tí wọ́n ń kà, Adrian obìnrin ẹ̀ ló ń pè, ojú ẹ̀ ti wú pọ́ńkán, obìnrin yẹn ń fi ara gba àárín èrò kọjá, fìlà ti bọ́ lórí ẹ̀, ó wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó di pé kí Rocky bi í pé fìlà ẹ dà. Ọkùnrin tí wọ́n nà fún ráùǹdì 15! Fìlà ló rí.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ibi tí ìtàn yẹn ti wá. Ní March 1975 Chuck Wepner, ẹni tí wọn ò kà kún, bá Muhammad Ali jà, ó tiẹ̀ gbé Ali ṣubú ní ráùǹdì 9 (Ali ní ẹsẹ̀ òun ló tẹ̀), ráùǹdì 15 ni rẹfirí tó dá a dúró. Stallone wo ìjà yẹn, ó lọ jókòó, ó kọ Rocky. Àwọn tó fẹ́ ra ìwé eré náà fẹ́ gbé e fún òṣèré tó ti lórúkọ, ó ní rárá o, àfi kó jẹ́ òun. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó pa ju 100 mílíọ̀nù lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, ó gba Oscar mẹ́ta, ti fíìmù tó dáa jù wà nínú ẹ̀.

Àìlówó yẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn. Ibi tí Rocky mú Adrian lọ, tí wọ́n ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín, èrò ló yẹ kó kún ibẹ̀, owó tí wọ́n máa fún èrò ni ò sí, ni wọ́n bá ní ibẹ̀ ti tì, Rocky wá fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lówó pé kó fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 péré. Obìnrin ń yọ̀ lọ, ọkùnrin ń fi bàtà lásán rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń rojọ́, baba tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń kígbe iye ìṣẹ́jú tó kù. Ká ní owó wà ni, wọ́n á ti fi èrò ba ibẹ̀ jẹ́.

Ìyá Ìbejì Ọmù-Àrán:
Ẹ kú àríyànjiyàn o ẹ̀yin ọkùnrin. Bàbá Fídíò, ẹ ṣe gan-an tẹ́ ẹ dárúkọ Adrian, torí àwọn tó ń pariwo ìkẹrin yìí, mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi, kí ni wọ́n fún obìnrin yẹn ṣe níbẹ̀? Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní o ò lè borí, ó tún wá tẹ̀ lé e lọ sínú òtútù, ó tán. Rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n rà fún Paulie arákùnrin ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀rọ̀ sọ jù ú lọ.

Èmi kejì ni mo mú, ti 1979. Adrian bímọ tán kò mọ ibi tó wà mọ́, Rocky ò lọ ṣe eré ìdárayá kankan, ọsibítù ló wà, ó ń kàwé sí i létí, ẹ sì mọ̀ pé ìwé kíkà ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mickey olùkọ́ ẹ̀ náà wá jókòó tì í. Ìgbà tí obìnrin yẹn máa lajú, ó ní kó sún mọ́ òun, ó sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó bá òun borí. Wàlláhì ara mi máa ń bù ṣìgàṣìgà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Mickey ní kí la wá ń dúró ṣe! Ní ìparí àwọn méjèèjì ṣubú, Apollo àti Rocky, rẹfirí ń kà, ẹyọ kan ló dìde kó tó pé 10.

Ọmọ Òkè-Odò:
Àǹtí, ẹ fi rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ jàre. Stallone tún ìkẹrin gé ní 2021, ó yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Ìyá Ìbejì Ọmù-Àrán:
Ṣé ẹ ri pé òun náà mọ̀ pé kò dáa.

Àbúrò Tó Wà Ní Yunifásítì:
Èmi ni wọ́n ń bú o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé tiyín ò dáa, ohun tí mo sọ ni pé ẹ wo Creed ti 2015 dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìjà kejì Adonis ọmọ Apollo, òun àti Sporino, kámẹ́rà kan náà ló wọ ríìngì pẹ̀lú wọn, ó ń yí wọn ká, ráùǹdì méjì gbáko, wọn ò gé e! Rocky ti darúgbó, jẹjẹrẹ ń ṣe é, òun ló wá di Mickey. Stallone ò gba Oscar lórí ẹ̀, àmọ́ wọ́n fa orúkọ ẹ̀ kalẹ̀, lórí Rocky kan náà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fa orúkọ ẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Bàbá Fídíò, ẹ tún gbọ́ o, Adonis náà ò borí. Adájọ́ méjì fún Conlan tó bá a jà ní ìparí. Ohun tẹ́ ẹ yìn nínú ìkíní náà ló wà níbẹ̀.

Bàbá Fídíò Ọ̀fà:
Ọmọ yìí gbọ́n. Mo gbà pé Creed ló tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ṣẹ́ Òjò:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ti gbá lójú rí sọ̀rọ̀. Mo máa ń kan ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní stédíọ̀mù níbí, kò tíì sọ mí di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kankan, orúkọ lásán ni mo fi jẹ́. Ìjà inú ìkẹta àti ìkẹrin, wọn ò gbé ọwọ́ bojú rárá! Ẹ̀ṣẹ́ tó ń wọlé ní ráùǹdì kan, ẹni gidi ò lè gba ìlàjì ẹ̀ kó ṣì dúró. Ìjà gidi máa ń pààyàn, Duk-koo Kim ará Kòríà kú lẹ́yìn ìjà òun àti Ray Mancini ní November 1982, ìyẹn ló jẹ́ kí WBC, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní bẹ́lítì àgbáyé, gé ìjà bẹ́lítì kúrò ní ráùǹdì 15, ó di 12.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú ìkẹrin ni tówẹ̀lì. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ tówẹ̀lì rárá. Rocky ló wà ní kọ́nà Apollo, ó di tówẹ̀lì mú, wọ́n ń sọ fún un pé kó jù ú, Apollo ti ní kò gbọ́dọ̀ jù ú, ó ń wo ọ̀rẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń nà án pa. Iṣẹ́ ẹni tó wà ní kọ́nà nìyẹn, kó dá a dúró bí ẹni tó ń jà ò bá tiẹ̀ fẹ́. Ìgbà tí Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà wa na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Liberty Stadium n'Ìbàdàn ní August 1963, àwọn ará ọ̀dọ̀ Fullmer ló dá a dúró lẹ́yìn ráùǹdì 7, ọkùnrin náà padà sílé ẹ̀ láàyè. Fíìmù yẹn fi ibẹ̀ sílẹ̀ kíá, ó kó orin àti ọkọ̀ sáré dé. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Tèmi ni ti 2006, Rocky Balboa. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Adrian ti kú, àga tó fi ń jókòó nídìí sàréè ẹ̀, orí igi níbẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ rò ó wò, iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ ti lọ. Antonio Tarver tó bá a jà, ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ gidi ni, òun ló na Roy Jones ní 2004, wọ́n sì ya ìjà yẹn bí èyí tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Adájọ́ méjì tún fún ẹnì kejì. Kí wọ́n tó kà á tán, baba ti ń jáde lọ, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ọmọ Òkè-Odò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ìkẹrin jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tówẹ̀lì yẹn ni mo máa máa wò báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lẹ́yìn ẹ̀ o. Ìkíní la máa wò ní Sátidé kí àbúrò mi lè mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìkẹrin di Sọ́ńdè. Àǹtí, kejì ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọmù-Àrán:
Èmi ló máa mú wàrà wá, tó bá jẹ́ kejì.

Àbúrò Tó Wà Ní Yunifásítì:
Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìkarùn-ún?

Bàbá Fídíò Ọ̀fà:
Èyí tí wọ́n jà ní títì bí àwọn ọmọ gáréèjì? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yá a fún wọn, wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ṣẹ́ Òjò:
Ẹ má bú u jù. Avildsen tó ṣe ìkíní ló padà wá ṣe é, Tommy Morrison tó ṣe Tommy Gunn níbẹ̀ sì na George Foreman ní 1993, ó gba bẹ́lítì WBO. Ìyẹn kì í ṣe fíìmù.