Wúfà 18 ínǹṣì méjì fún yàrá sinimá: ṣé kí n rà á ní Alábà, àbí kí n kó o wọlé láti òkè òkun?

Onílé Ọbántokò:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ̀ nípa ohùn, mo kí gbogbo yín. Mo ń parí yàrá kan nílé mi ní Ọbántokò, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi ṣe yàrá sinimá fún ìdílé wa. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́fà tán, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin. Wọ́n ti rẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n ti fa wáyà, ilẹ̀kùn nìkan ló kù. Sípíkà iwájú àti ti ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi gbogbo ọkàn ṣe báyìí ni ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń kó ààrá àti ìbúgbàù sí, tí ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé 20 Hz, ìyẹn ìgbà ogún tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Káfíńtà kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ní Lafẹ́ńwá ti gbà láti kan àpótí méjì fún mi, nítorí náà wúfà lásán (sípíkà bàsì tí kò sí nínú àpótí) ni mo nílò, oní-ínǹṣì 18, méjì.

Mo ti lọ sí Alábà lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òǹtajà kan gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n kọ wáàtì 5,000 sí lẹ́yìn. Nígbà tí mo bi í pé ibo ni ohùn rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ dé, ó ní, “Ọ̀gá, ilé yín á mì.” N kò rò pé ó fẹ́ tàn mí jẹ, ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń béèrè ló fi dá mi lóhùn. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀.

Ṣé irú èyí tí wọ́n ń tà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá náà ni ó yẹ kí n rà? Bí ó bá jẹ́ pé òkè òkun ni, ṣé ọkọ̀ òfurufú ló dára jù ni, àbí ọkọ̀ ojú omi? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iye náírà nìkan dá mi lóhùn, nítorí kì í dúró sójú kan. Ìdí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.

Aṣohùn Ìbarà:

Ẹ kú orí ire ilé, ẹ ó lò ó pẹ́ o. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ mú, nítorí bí ẹ bá ṣì í níbẹ̀, wúfà náà lè délé láìní àbùkù kankan kó má sì ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú agbo káàkiri Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù, mo sì fẹ́ràn wúfà òde gidigidi ní àyè tirẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ó lè ké fún wákàtí mẹ́fà láìjóná, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lábẹ́ àtíbàbà lè gbọ́ bàsì bí ẹni tó wà níwájú. Nítorí èyí, pépà tó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀ fúyẹ́, rọ́bà tàbí aṣọ etí rẹ̀ le, ohùn tó bá sì ti wọ ìsàlẹ̀ 35 Hz kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lára rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí ó jáde: okùn tó nípọn jù lára gìtá bàsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ló ń dún.

Sinimá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí 20 Hz dún sókè bákan náà pẹ̀lú 40 Hz, afẹ́fẹ́ tí wúfà náà yóò tì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ibí yìí ni wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kò ti wúlò fún yín. Nǹkan méjì ni kí ẹ wò: bí ojú pépà ṣe fẹ̀ tó, àti bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó síwájú sẹ́yìn kí kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń ti pépà) tó yọ kúrò nínú agbára òòfà, èyí tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀ bí Xmax. Ojú wúfà 18 ínǹṣì tó nǹkan bíi 1,200 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Ti 12 ínǹṣì wà ní nǹkan bíi 500. Ẹ wá mú wúfà òde kan tó lè rìn mílímítà 9: afẹ́fẹ́ tó ń tì lẹ́ẹ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju lítà kan lọ. Wúfà tí wọ́n dìídì ṣe fún sinimá, bíi UM18-22 ti Dayton Audio ní Amẹ́ríkà, ní Xmax mílímítà 22, tí ó túmọ̀ sí pé ó ń ti lítà méjì ààbọ̀ ó lé. Ojú kan náà ni wọ́n ní. Bí ẹ bá tò wọ́n sórí tábìlì, ẹni tí kò mọ̀ á ní ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ìwé òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Thiele/Small, kí ẹ sì ka Fs (iye Hz tí wúfà náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n) àti Qts (bí ó ṣe ń dá gbígbọ̀n ara rẹ̀ dúró tó) lórí rẹ̀. Fún àpótí tí ẹ máa dí pa, Fs tó wà ní àgbègbè 20 Hz àti Qts tó wà láàárín 0.4 sí 0.7 ni ó yẹ yín. Òǹtajà tí kò bá ní ìwé yìí lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí bí káfíńtà yín ṣe máa mọ bí àpótí ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó láìsí i. Mi ò ní kí ẹ má ra nǹkan ní Alábà o; mo ń rà níbẹ̀ lóṣooṣù. Irú èyí tí ẹ nílò ni kì í sábà sí lórí àtẹ.

Tíṣà Asẹ̀rò:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí irú rẹ̀ má bàa kàn yín. Mo ra wúfà 18 ínǹṣì méjì láti òkè òkun, mo sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó o nítorí pé ara mi ti wà lọ́nà jù. Nígbà tí ó dé Ìkẹjà tí mo lọ gbà á, páálí èkíní gún régé. Igun kan lára èkejì ti tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. Nítorí pé páálí náà kò ya, mo fọwọ́ sí ìwé, mo gbé méjèèjì sẹ́yìn mọ́tò, mo gba Sángo, Ìfọ̀ àti Ewékorò wálé, mo sì ń rọra yẹ kòtò bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ojú èkejì mọ́ nígbà tí mo ṣí i. Kò sí ìlà kankan lára pépà rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò mi méjèèjì lé e, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, mo sì rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èkíní ti wọlé ó sì ti padà jáde láìsí ìró rárá. Eléyìí ń ha, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òòfà rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ibi tí gúlù ti mú un, ó tó mílímítà méjì, ojú gúlù àtijọ́ sì hàn gedegbe bí ojú àpá. Ẹnì kan ti jẹ́ kí ó já lulẹ̀ níbì kan. Férémù dúró, ṣùgbọ́n òòfà tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ìlì sì há sí àárín wọn. Pépà tó ya ṣeé pààrọ̀, kọ́ìlì tó jóná ṣeé wé. Òòfà tó bá yẹ̀, ekukáká ni ẹ ó fi rí ẹni tó lè dá a padà sójú rẹ̀ gan-an.

Ẹni tó tà á ní mo ti fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Ẹni tó kó o ní dídì rẹ̀ ni kò dára tó. Bí owó náà ṣe lọ nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo ra òmíràn, kí n tó sanwó ni mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ dídì. Mo ní kí wọ́n fi bóòtù de férémù wúfà náà mọ́ pákó pílíwúùdù ní gbogbo ihò rẹ̀, kí pákó náà fẹ̀ dé etí páálí ní gbogbo ìhà, kí òòfà má fara kan ìsàlẹ̀ páálí rárá, kí wọ́n sì gbé páálí yẹn sínú páálí mìíràn tó tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú fóòmù sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yí ká. Wọ́n gba owó lé e, mo sì fi ayọ̀ san án. Mo tún ní kí wọ́n ya fídíò bí wọ́n ṣe fi mítà oníná wọn iye ohm kọ́ìlì rẹ̀ (bí ó ṣe ń dí iná lọ́nà tó) kí wọ́n tó lẹ páálí pa. Wúfà tí wọ́n bá pè ní 8 ohm, mítà máa ń fi nǹkan bíi 5 sí 6.5 hàn, ti 4 ohm máa ń wà ní 3 sí 3.6. Bí ó bá dé tí mítà yín fi iye kan náà hàn, tí pépà sì wọlé tó jáde láìha, ẹ lè sùn. Bí wọn kò bá gbà kí ẹ ṣí páálí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà pé igun rẹ̀ ti tẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ níwájú wọn.

Akẹ́rùdé:

Òótọ́ ni Tíṣà sọ nípa páálí méjì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe sí owó ọkọ̀. Iṣẹ́ kíkó ẹrù wọlé ni mò ń jẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bá mi jà.

Ọkọ̀ òfurufú kì í ka ìwọ̀n nìkan. Ó ń ka àyè tí ẹrù gbà. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga páálí lu ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 5,000 tàbí 6,000, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín èsì yẹn àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni ẹ ó san. Páálí wúfà 18 kan tó jẹ́ 56 × 56 × 30, bí a bá pín in sí 6,000, á jẹ́ nǹkan bíi kìlógírámù 15.7. Bí ẹ bá gbé e sínú páálí kejì tó di 66 × 66 × 40, kìlógírámù 29 ni wọ́n máa kà. Bí 5,000 ni wọ́n fi pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35. Fóòmù àti afẹ́fẹ́ ni ẹ ń gbé wá láti òkè òkun. Lórí omi, ìwọ̀n àyè náà ni wọ́n ń kà, àmọ́ àpapọ̀ àyè páálí méjèèjì kò ní ju 0.35 m³ (mítà níbùú, lóròó àti sókè) lọ, owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá lè ní sùúrù oṣù díẹ̀, ẹ bá ẹni tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sínú kọntéínà kan sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá wé wúfà náà kí ó tó wọ páálí, nítorí inú kọntéínà máa ń lágùn.

Òmíràn ni òòfà. Ọkọ̀ òfurufú ní kọ́ḿpáàsì tí òòfà lè ṣì lọ́nà, nítorí náà òfin wà lórí rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Bí agbára òòfà tó ń jáde láti ara páálí kò bá tó 0.002 gauss ní mítà 2.1 sí i, ẹrù lásán ni. Bí ó bá kọjá 0.00525 gauss ní mítà 4.6, wọn kì í gbé e láìgba àṣẹ pàtàkì. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n ń kọ UN 2807 (nọ́ńbà àgbáyé fún ẹrù olóòfà) sí lára, wọ́n sì máa ń gba owó lé e. Wúfà tó gba àyẹ̀wò yìí kọjá pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹrù tí wọ́n dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé olówó rẹ̀ kọ “ohun èlò ilé” síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tó jẹ́ gan-an. Lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, 8518.29 ni nọ́ńbà sípíkà tí kò sí nínú àpótí. Èyí tó wà nínú àpótí tirẹ̀ ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Ìwé tí ẹ fi rà á gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà náà mu, kí ẹ sì ṣírò 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ọjà (VAT) mọ́ owó ibodè.

Onílé Ọbántokò:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi dípò rẹ̀. Mo ti gbà pé ọkọ̀ ojú omi ni, àti pé n óò sanwó pákó àti páálí kejì láìjanpata. Ìbéèrè kan ló kù. UM18-22 tí Aṣohùn dárúkọ, mo rí i pé kọ́ìlì méjì ló ní, oní 2 ohm lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní kí n kúkú ra ámúpù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, papọ̀ láti Amẹ́ríkà.

Aṣohùn Ìbarà:

Ẹ fi ámúpù sílẹ̀ níbẹ̀. Iná ilé wọn jẹ́ 120 V, tiwa jẹ́ 230 V. Bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́yìn pé ó ń gba méjèèjì, ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ iná níhìn-ín ni yóò jóná. Ámúpù wà ní Alábà tó lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ ó sì rí ẹni tún un ṣe bí ó bá ṣàìsàn. Ní ti kọ́ìlì méjì, ẹ so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí òdì (−) èkíní lọ bá rere (+) èkejì, á di 4 ohm, tí ọ̀pọ̀ ámúpù lè gbé. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 1 ohm ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gbà á. Ẹ jẹ́ kí wúfà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ lára ámúpù.

Mo tún rántí nǹkan kan. Ẹ ní ilẹ̀kùn nìkan ló kù. Bí káfíńtà bá kan àpótí tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ní gbogbo ìhà, pẹ̀lú wúfà nínú rẹ̀, ọ̀kan á súnmọ́ kìlógírámù 50, ènìyàn méjì ni yóò sì gbé e wọlé. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín àti igun ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó fi férémù dí i.

Onílé Ọbántokò:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán. Férémù tí wọ́n gbé wá á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, ṣùgbọ́n igun ọ̀ọ̀dẹ̀ kò ní jẹ́ kí ènìyàn méjì tó gbé àpótí yí wọlé. Mo ti pe onílẹ̀kùn, mo ní kí ó dúró ná, kí ó wá mú un gbòòrò dé 90.