Re: Àfòpiná kọ́ ni bug, kòkòrò inú obì ni

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lálẹ́ àná, mo sì fẹ́ dá sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù. Fún ẹni tí kò tíì rí i, wọ́n ní ká máa pe bug inú prógírámù kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí prógírámù ṣe ségesège (kòkòrò ni bug lédè Gẹ̀ẹ́sì), ní "àfòpiná", torí pé àfòpiná gan-an ni wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà kan, ibẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fèsì pé "àṣìṣe" ti tó, kí la tún ń wá kiri. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gba tiyín, mi ò sì lè gba ti àbúrò náà.

Ìtàn àfòpiná yẹn, òótọ́ ni. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947 ni, ní Yunifásítì Harvard, lára ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Mark II. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tá a ń gbé lé itan yìí o, odindi yàrá ló ń gbà, inú ẹ̀ kún fún relay, ìyẹn àwọn irin wẹ́wẹ́ tí iná mànàmáná ń fà mọ́ra tó tún ń tú wọn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dún ká-ká-ká yẹn náà ni ìṣirò ń lọ. Ẹ̀rọ wá ń ṣe ségesège, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ wá a títí, àfi bí wọ́n ṣe bá àfòpiná kan tó há sínú relay nọ́ńbà 70. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojúmọ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn máa rí bug gidi. Ìwé yẹn ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìtàn Amẹ́ríkà ní Washington, àfòpiná náà ò tíì kúrò lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n kọ yẹn dáadáa, "bug gidi". Èèyàn ò lè sọ pé "òní ni mo máa kọ́kọ́ rí ẹkùn gidi" àfi tó bá ti ń pe nǹkan mìíràn ní ẹkùn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn kí àfòpiná tó wọlé, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Thomas Edison, ẹni tá a mọ̀ mọ́ gílóòbù iná, ti lò ó nínú lẹ́tà kan lọ́dún 1878 fún àwọn wàhálà kéékèèké tó máa ń yọjú téèyàn bá ń ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ọdún 69 ṣáájú àfòpiná nìyẹn o. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ló bí ìtàn yẹn, ìtàn yẹn kọ́ ló bí ọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tó ń dùn mí nínú ìtàn yẹn ni pé òun ni gbogbo èèyàn fi ń rántí Grace Hopper, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà kọ́ ló tiẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ yọ kòkòrò náà, ó kàn máa ń sọ ìtàn ẹ̀ kiri ni. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe gan-an ju àfòpiná lọ fíìfíì. Lọ́dún 1952 ló ti ní A-0, prógírámù tó ń bá èèyàn to prógírámù mìíràn jọ fún ẹ̀rọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ fún un pé ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà lè ṣe. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kó sì lè fi han àwọn ọ̀gá pé ó ṣeé ṣe, ó tún fi ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Jámánì ṣe é, ni àyà bá já wọn, wọn ò rò ó rí pé kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà lè gbọ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹ̀rọ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, àmì lásán ni gbogbo ẹ̀ jẹ́ fún un! Ní ìjókòó wa yìí, èyí ló yẹ ká máa fi rántí màmá yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Ìta ni àfòpiná ti ń wá, iná ló ń tọ̀, ẹ ṣáà mọ bá a ṣe máa ń sọ ọ́, àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara ẹ̀ ló máa pa. Bug inú prógírámù ò rí bẹ́ẹ̀, kò ti ìta wá, kò sì ń pa ara ẹ̀. Ẹ wo Ada Lovelace, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, lọ́dún 1843, ó kọ àlàyé lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage fẹ́ ṣe, ó ya tébù kan tó fi hàn bí ẹ̀rọ náà á ṣe ṣírò nọ́ńbà Bernoulli, ìyẹn àwọn nọ́ńbà kan táwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ní ìgbésẹ̀ kẹrin èyí tó yẹ kó wà lókè nínú pípín wà nísàlẹ̀. Yálà òun ló ṣì í kọ tàbí ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́, ó wà níbẹ̀. Wọn ò sì rí ẹ̀rọ yẹn ṣe parí títí Babbage fi kú, kò sí relay, kò sí iná, ibo ni àfòpiná á bà sí? Inú ìwé ni kòkòrò wà. Maurice Wilkes náà, tó ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní EDSAC ní Cambridge lọ́dún 1949, ó ní òun ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé yé òun pé púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé tó kù fún òun, ibi wíwá àṣìṣe inú prógírámù tòun fúnra òun ló máa lọ sí. Tòun fúnra òun. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Ìdí tí mo fi ní "kòkòrò" nìyẹn. Wọ́n máa gbé obì síwájú yín níbi ìkómọ, ara ẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn tí wọ́n bá pa á lẹ tó máa rí ihò.

Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, "àṣìṣe" ò burú, àmọ́ ohun téèyàn ṣe ni àṣìṣe, bug ni ohun tó wá ń gbé ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ṣe prógírámù kékeré kan fáwọn ìyá tó ń dá àjọ ládùúgbò wa. Oṣù tí mò ń kà, òdo ni mo ti bẹ̀rẹ̀, oṣù Kìíní ni òdo yẹn, mo wá ní kó dúró kó tó dé 11, bẹ́ẹ̀ 11 yẹn gan-an ni Dìsẹ́ńbà. Oṣù Kìíní ni mo ṣe àṣìṣe, oṣù mọ́kànlá gbáko ló fi ń ṣírò tí kò sí ẹni tó fura, ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó owó ni ìyá kan mú ìwé ẹ̀ wá, ó ní "ọmọ mi, owó mi ò pé". Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yẹn.

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ "kòkòrò" máa dàrú mọ́ "kòkòrò àrùn", ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pe ti inú fóònù, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ò pè é ní nǹkan mìíràn. Ká fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ tá a kọ sínú prógírámù, kún un, "kòkòrò kóòdù", ó tán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn debug, kéèyàn wá bug rí kó sì mú un kúrò. Ẹnì kan dábàá "pa kòkòrò", ẹlòmíì ní "lé kòkòrò". Òògùn ẹ̀fọn lèèyàn fi ń pa kòkòrò, ó fín in, ó tilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ, kóòdù ò gba irú ìyẹn. "Ṣa kòkòrò" ni mo fara mọ́. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣa ẹ̀wà kí wọ́n tó gbé e kaná, wọ́n á da díẹ̀ sórí àtẹ, wọ́n á jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á fi ìka tẹ́ ẹ, èyí tó ní ihò á lọ sápá kan, òkúta á lọ sápá kan, wọ́n á fẹ́ èépá dànù, wọ́n á tún da díẹ̀ sí i. Bá a ṣe ń yẹ kóòdù wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo ti ń lò ó fáwọn ọmọ mẹ́rin tí mò ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn rárá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú wọn ní "Bọ̀ọ̀dá, mo ti ṣa méjì, ó ku ọ̀kan tí mi ò mọ ibi tó wà".

Ohun tó ku tí mo fẹ́ bi yín: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé "ṣa ẹ̀wà" náà lẹ máa ń sọ lọ́dọ̀ yín, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un? Ẹ bá mi bi àwọn ìyá nílé.