Ẹja Falkland àti owó ibodè Yúróòpù: ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà òwò òkèèrè. Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀.

Erékùṣù Falkland, tó wà lábẹ́ Bìrìtìkó ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ni mò ń kọ iṣẹ́ màsítà mi lé lórí. Títí ìparí 2020, squid wọn (ẹran omi ọlọ́wọ́ púpọ̀) ń wọ Yúróòpù láìsan kọ́bọ̀. Àdéhùn òwò tí Bìrìtìkó àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ṣe lẹ́yìn Brexit, ìyẹn jíjáde Bìrìtìkó kúrò nínú EU, fò wọ́n dá. Láti 2021 wọ́n ń san owó ibodè ìdá 6 nínú 100 lórí squid, ẹja mìíràn sì ń dé 18. Bẹ́ẹ̀ Sípéènì gan-an ló ń rà á jù!

Mo ro ó pé kí wọ́n fi Falkland kún àdéhùn náà, àmọ́ Brussels (olú iléeṣẹ́ EU) gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tún un ṣí. Mo tún ro ìdínkù owó ibodè fún ìwọ̀n ẹja kan lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Ajẹntínà náà á jẹ níbẹ̀ (ẹ mọ ìjà wọn: Ajẹntínà ń sọ pé òun ló ni erékùṣù náà).

Èwo nínú méjèèjì ni ìlú tí èèyàn rẹ̀ kò tó 4,000 lè rí gbà? Mo dúpẹ́ ṣáájú.