Kíláǹpù mélòó ni kí n gbé wálé? Iṣẹ́ igi láti òkè òkun dé Ìbàdàn

Ọmọ Òkè-Àdó, Calgary

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ kan igi nínú wa ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kan àpótí ìjókòó àti pẹpẹ ìwé nínú gáréèjì (gáréèjì ilé o, kì í ṣe ti Ìwó Road). Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ilé bàbá mi n'Íbàdàn, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀, ìyá mi sì ti pàṣẹ tábìlì oúnjẹ ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ayùn àti ìfági ò já mi láyà. Kíláǹpù ni, irin tí à ń fi fún pákó pọ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Mẹ́rin péré ni mo ní, kúkúrú ni gbogbo wọn. Mo rí páálí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ogún kíláǹpù ló wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Ṣé kí n rà á kí n jù ú sí báàgì?

Àǹtí Onígi, Houston

Àbúrò, má rà á. Èmi náà ra irú ẹ̀ nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá nínú ogún yẹn ò sàn ju pẹ́ẹ̀gì tá a fi ń sá aṣọ lọ. Mẹ́fà ò gùn tó apá mi láti ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Mẹ́rin tó kù ni mo rí lò, méjì nínú wọn sì ti wọ́ kí ọdún tó yí po. Iṣẹ́ tó wà níwájú ẹ ni kó o wò. Tábìlì tó bá fẹ̀ tó mítà kan, kíláǹpù tí ò gùn ju mítà kan lọ ò lè gbá a mú, bó o tiẹ̀ kó igba jọ.

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Òótọ́ ni àǹtí wí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò ní Leeds kí n tó padà sílé. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ohun tí mo fi owó ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Má gbé irin gígùn bọ̀ láti ọ̀hún. Orí ni kó o gbé bọ̀. Kíláǹpù onípáìpù ni mò ń wí. Orí méjì ló ní. Ọ̀kan ní súkúrù tí à ń yí, ẹnu páìpù là ń dè é mọ́. Èkejì ń rìn lára páìpù, àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló ń di páìpù mú níbi tó o bá dá a dúró sí. Ìyókù, páìpù omi lásán ni, bó o bá ṣe fẹ́ kó gùn tó náà ló máa gùn. Orí tọkọtaya mẹ́jọ á wọ inú báàgì kílò 23, àyè á sì ṣẹ́kù fún ṣokoléètì àwọn ọmọ. Kíláǹpù onírin gbọọrọ mẹ́jọ ńkọ́? Kó o tó dé ìdí ìwọ̀n ni wàá ti máa bẹ̀ wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìwọ̀n 3/4 ínǹṣì ni kó o rà. Páìpù 1/2 máa ń tẹ̀ bí ọrun tó o bá fún un le. Ọ̀pá páìpù kan níbí gùn ní mítà 6. Gé e sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mítà kan àbọ̀. Ọ̀pá méjì ti tó kíláǹpù mẹ́jọ nìyẹn. Tí iṣẹ́ tó gùn bá wá dé lọ́la, sókẹ́ẹ̀tì lo máa fi so páìpù méjì pọ̀.

Ibi tó ti lè ta ẹ lófò nìyí. Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín súkúrù, tó wà nínú orí tí wọ́n ń tà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, NPT ni wọ́n ń pè é. Páìpù tó wà lọ́wọ́ àwọn púlọ́ḿbà wa, BSP ni, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Tó o bá gbé méjèèjì sí ara wọn, wàá búra pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ní 3/4, eyín 14 ló wà nínú ínǹṣì kan fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ igun eyín NPT jẹ́ ìwọ̀n 60, ti BSP jẹ́ 55. Fi ọwọ́ yí i, á wọlé ní ìyípo mẹ́ta, mẹ́rin, lẹ́yìn náà á há.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó orí àkọ́kọ́ wá fún mi láti Atlanta, mo rò pé ìpata ló ń dí i. Mo gbé sípánà púlọ́ḿbà, mo fi gbogbo ara tì í. "Káú!" Irin dídà ni orí yẹn, ó là láti ẹnu dé ìdí bí awẹ́ obì. Mo kàn jókòó sórí pákó, mo ń wò ó.

Púlọ́ḿbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì ló gbọ́ ariwo, ó wọlé wá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé omi lẹ fẹ́ fà gba inú ẹ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá ní kí n fún un títí dé ìdí? Ẹ ò rí nǹkan. Kíláǹpù ò ní jò. Ìyípo mẹ́rin tó láti di orí mú. Ó bá mi fi dáì gé tírẹ́ẹ̀dì páìpù náà wọnú díẹ̀ sí i, láti ọjọ́ yẹn ni orí ti ń wọ̀ ní ìyípo mẹ́fà láìsí wàhálà. Nínú páìpù mẹ́jọ tó o máa gé, mẹ́rin péré ló máa ní tírẹ́ẹ̀dì láti ilé-iṣẹ́ wá, torí náà o máa nílò púlọ́ḿbà àti dáì ẹ̀ ná.

Àǹtí Onígi, Houston

Hàà! Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń lo onípáìpù, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tírẹ́ẹ̀dì yẹn wà. Níbí, ojú kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Àmọ́ mo fẹ́ kí àbúrò mọ̀ pé onípáìpù ní àléébù kan. Ẹnu ẹ̀ máa ń yẹ̀ díẹ̀ tó o bá ti ń fún un, ó sì máa ń gbé etí pákó sókè. Tówó bá wà, ra kíláǹpù K Body ti ilé-iṣẹ́ Bessey méjì, kó o máa fi méjì méjì kún un. Ará Jámánì ni wọ́n, láti 1889 ni wọ́n ti wà. Ẹnu tiẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán sí ọ̀pá. Tó o bá ń kan kọ́bọ́ọ̀dù tàbí dúrọ́ọ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ á hàn sí ẹ lójú ẹsẹ̀, torí igun ẹ̀ ò ní yẹ̀.

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Fún kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbà. Fún ojú tábìlì, owó ṣòfò ni. Ẹnu yíyẹ̀ yẹn, ètò ló ń wò ó sàn: gbé kíláǹpù kan sábẹ́ pákó, gbé èyí tó tẹ̀ lé e sórí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Tábìlì tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo dé, orí pákó ni mo kó gbogbo wọn sí. Nígbà tí mo tú wọn, ojú tábìlì ti rọ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìyàwó mi gbé àwo àmàlà lé e, gbẹ̀gìrì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lọ bá àlejò.

Ọmọ Òkè-Àdó, Calgary

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín tán. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mẹ́jọ ló máa tó? Tábìlì yẹn máa gùn ní mítà 1.8, á fẹ̀ ní mítà kan.

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Wò ó báyìí. Níbi tí ẹnu kíláǹpù bá ti tẹ pákó, agbára ẹ̀ máa ń fẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì bó ṣe ń wọnú igi, bí agboòrùn tí wọ́n ṣí. Tí pákó etí bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí agbára náà tó dé ojú ibi tí gọ́ọ̀mù wà, á ti fẹ̀ tó 12 sí ọ̀tún, 12 sí òsì. Ìyẹn ni pé kíláǹpù kan á bójú tó 24. Bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 8 sí etí, máa fi bíi 23 tàbí 24 sáàárín wọn, wàá rí i pé mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ló máa dé òpin. Tí pákó etí bá tín-ínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi igi tó nípọn sáàárín ẹnu kíláǹpù àti pákó kí agboòrùn lè ráyè ṣí.

O tún máa nílò kíláǹpù F mẹ́rin, àwọn tó rí bíi lẹ́tà F. Igi gbọọrọ mẹ́rin tó tọ́ ni wàá wá, wàá fi ọ̀rá wé wọn kí gọ́ọ̀mù má lẹ̀ wọ́n, wàá dá wọn bú ojú tábìlì ní orí méjèèjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wàá fi kíláǹpù F fún wọn pọ̀. Àwọn ni kì í jẹ́ kí pákó kan ga ju èkejì lọ. Ọ̀rá yẹn, ya á sórí páìpù pàápàá. Níbi tí irin bá ti fara kan gọ́ọ̀mù tútù lára igi, ó máa ń dúdú. Ọ̀gánwó mi kan ṣì ní ilà dúdú mẹ́ta títí dòní, mo ti fá a, kò lọ.

Ọmọ Mápó, Manchester

Ẹ jẹ́ kí èmi tálákà náà sọ tèmi. Àjà kẹta ni mò ń gbé, ibo ni màá fi páìpù mítà kan àbọ̀ sí? Ṣẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi ni mo ń lò. Mo lẹ férémù àwòrán kan níbẹ̀ lóṣù Kìíní, kíláǹpù wà lára ẹ̀ mọ́júmọ́. Bí mo ṣe tú u, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà gbẹ, àmọ́ ó funfun lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun.

Àǹtí Onígi, Houston

Òtútù ló bà á jẹ́, kíláǹpù ẹ ò ṣẹ̀. Wo ara ìgò. Gọ́ọ̀mù Titebond III fún àpẹẹrẹ, ìwọ̀n 8 sẹ́ńtígíréèdì ni wọ́n ní kó má lọ sísàlẹ̀, ó sì kan igi náà pẹ̀lú, kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan. Gbé igi sùn sínú ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ̀ ẹ́ nínú ilé, kó o tó gbé e padà lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Tiwa níbí, òdì kejì ni. Titebond Original máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yíjú, nínú yàrá tó tura nìyẹn o. Lábẹ́ páànù ní aago méjì ọ̀sán oṣù Kejì, kí o tó fi búrọ́ọ̀ṣì dé orí pákó kejì, àkọ́kọ́ ti ń làwọ̀. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń lẹ tèmi. Mi ò sì ń lẹ ojú tábìlì lódindi mọ́. Màá lẹ ìdajì kan lọ́jọ́ kan, ìdajì kejì lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta ojú kan ṣoṣo ló kù láti so pọ̀. Kíláǹpù mẹ́jọ kan náà ló ṣe gbogbo ẹ̀. Kí o tó ṣí ìgò rárá, to gbogbo nǹkan gbẹ, fún kíláǹpù, wò ó. Tí àlàfo bá wà tó jẹ́ pé ipá lo fi dí i, tú u, padà sídìí ìfági. Tó o bá fi kíláǹpù bò ó mọ́lẹ̀, ọyẹ́ á tú àṣírí ẹ.

Ọmọ Mápó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu ni wá, kí ló dé tó o ń ṣe bí ẹni tí ò ní nǹkan? Lọ gba túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, là á gbọọrọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Fà á le, wé e yí férémù ká ní ìgbà mẹ́rin, márùn-ún, ti etí ẹ̀ bọ abẹ́. Gbogbo igun ló máa fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ àga tó là, ohun tí mo fi ń dì í nìyẹn títí dòní. Páìpù rọ́bà tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà jáde, èyí tó nípọn ni o, gé e sí òrùka-òrùka, la òrùka kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa gé nǹkan mú bíi pẹ́ẹ̀gì. Ogún irú ẹ̀ á wọ inú àpò ìrajà kan.

Ọmọ Mápó, Manchester

Túùbù! Bàbá mi àgbà fi ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mi ò sì ronú kàn án.

Ọmọ Òkè-Àdó, Calgary

Ó yé mi wàyí. Orí tọkọtaya mẹ́jọ, 3/4. Kíláǹpù F mẹ́rin. Titebond III ìgò kan, màá fi ọ̀rá mẹ́ta wé e kó má ṣàn sára aṣọ. Pákó ńkọ́, ṣé kí n dúró kí n dé kí n tó ra ìyẹn ní Bódìjà?

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Tó o bá dúró dìgbà yẹn, omi lo máa fi kan tábìlì. Púpọ̀ nínú pákó tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ṣì tutù. Fowó ránṣẹ́ sí bàbá ẹ nísinsìnyí kí wọ́n rà á, kí wọ́n tò ó sínú yàrá yẹn, kí igi tín-ínrín máa wà láàárín pákó àti pákó kí atẹ́gùn lè gbà á. Ìrókò tàbí apá ni kí wọ́n bèèrè. Bí wọ́n bá ta tíìkì fún wọn, kò burú, àmọ́ òróró wà lára ẹ̀, wàá ní láti fi tínà nu ojú ibi tó o máa lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó kàn án.

Ọmọ Òkè-Àdó, Calgary

Màá pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá púlọ́ḿbà yẹn sọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kó o fi orí kan ránṣẹ́ ṣáájú, kí òun fi wọn dáì òun. Ọ̀kan tí kò là ni o. Èyí tó là wà lójú fèrèsé mi níbí.