Ìrànrán kọ́, ayédèrú ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín pé ká máa pe ìwé tí kò sí láyé, tí ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) ń tọ́ka sí, ní "ìrànrán". Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un: èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ṣe ni ẹ̀rọ ń rí ohun tí kò sí, ìwé atúmọ̀ èdè Cambridge tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn, "hallucinate", ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2023. Àmọ́ kò tẹ́ èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé lọ́rùn.

Ẹni tí ibà ń ṣe ló ń rànrán. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lórí, kì í nídìí, ẹni tó wà nítòsí á ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá bá wa ní Àkúrẹ́ níbí ò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ni, orúkọ jọ́nà gidi ni, ọdún àti ojú ìwé pé pérépéré. Àpilẹ̀kọ ọ̀hún nìkan ni kò sí. Ayédèrú nìyẹn, bíi náírà tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀: jíjọ tó jọ ojúlówó ló ń jẹ́ kó ráyè wọlé.

Ẹ lè ní ayédèrú gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́tàn nídìí, ẹ̀rọ ò sì ní èrò ibi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a dì mọ́wọ́ là ń sọ lórúkọ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lọ́dún 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kan, hùmọ̀ wá síwájú rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ibà gbà wọ́n sílẹ̀?

(Àwa náà ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá ní yàrá ìkàwé o. Ó ń bá wa dábàá ìsọ̀rí tó yẹ ìwé tuntun, àmọ́ bí àkọlé Yorùbá ò bá ní àmì, oko, ọkọ àti ọkọ̀ á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.)

Ibì kan ṣì ń dà mí láàmú: ìwé wà lóòótọ́, ẹni tó kọ ọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fi ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú. Irọ́ ló pa mọ́ ìwé náà, ṣùgbọ́n a ò lè pè é ní "àpamọ́", torí ohun tí a fi pamọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ́. Kí lẹ rí sí i?